Igi Tó Kù Lẹ́bàá Ọ̀nà

Dókítà igi ni wọ́n ń pe Mounira ní Broukro, àdúgbò tí wọ́n bí i sí ní Bouaké. Orúkọ náà dùn létí. Àmọ́ ká sọ òótọ́, kò tíì sí igi kajú kan tó wò tó sàn.

Olú ló ń kọ́ nípa rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, ewú sì ti ń yọ lórí rẹ̀ báyìí. Kì í ṣe olú tí à ń fi se ọbẹ̀ o. Eléyìí kì í yọjú síta. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, ó ń ti inú gbòǹgbò igi kan bọ́ sínú gbòǹgbò èkejì, á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Mounira kọ ìwé nípa rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní Abidjan, ṣùgbọ́n igi ò gbọ́ Faransé. Nígbà tó rí i pé oògùn kankan ò ràn án, ó bọ́ sórí rédíò, ó fi Dioula, èdè tí gbogbo ọjà ibẹ̀ ń sọ, kéde fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gé igi tó bá ti ní in, kí wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n dáná sun ún. Ẹni tí ò bá gé tirẹ̀, ti aládùúgbò rẹ̀ ló ń pa. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì gé.

Lẹ́yìn náà ni àrùn wọ oko bàbá rẹ̀ ní Marabadiassa.

Àwáàlù, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tí ìjọba Ghana lé jáde lọ́dún 1969. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, oko kòkó ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ìhín, onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ N'Goran fún un nílẹ̀, wọ́n sì fẹnu ṣe àdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí igi tí Àwáàlù gbìn bá wà lórí ilẹ̀ náà, ìbáà ṣẹ́ ku ẹyọ kan, òun ló ń lò ó. Ọjọ́ tí igi bá tán, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀. N'Goran ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò bá Anago kankan, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yà Àwáàlù níbẹ̀, jà, àmọ́ wọ́n ti ń ka igi.

Ìdí nìyí tí Mounira fi sá padà sí yàrá ìwádìí. Ó rí olú mìíràn tó ń gbógun ti olú. Nínú ìgò, ó ń jẹ apani náà tán pátápátá. Ó bù ú sídìí àwọn igi bàbá rẹ̀, ó ń dúró. Gbogbo ohun tó kọ́ láyé ló gbé lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ọdún kù díẹ̀ kó dé, ó gbẹ́ ìdí àwọn igi náà wò. Olú tirẹ̀ ti kú. Ilẹ̀ kì í ṣe ìgò. Lábẹ́ èèpo gbòǹgbò gbogbo, òwú funfun apani náà ló rí, ó ti dorí kọ oko àwọn ará ibẹ̀. Bí òjò bá fi lè rọ̀ bá a níbẹ̀, kò sí oko tí kò ní dé. Mounira jókòó sínú kòtò tó gbẹ́, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Bàbá tó ti ń wò ó láti àárọ̀ bi í.

"Kò ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

Bàbá nawọ́. "Gbé ọ̀dà yẹn wá. Mo gbọ́ ohun tó o sọ lórí rédíò. Èmi ni mo gbìn wọ́n, èmi náà ni màá sàmì sí wọn."

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí igi tí wọ́n bá fẹ́ gé. Bàbá ń lọ láti ìdí igi kan dé ìkejì, ó ń kùn wọ́n, ó sì ń dágbére fún wọn bí ará ilé. Mounira ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun oko, bàbá gbójú kúrò lára igi kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó kọjá rẹ̀, ó gbé ọ̀dà sílẹ̀.

"Ó parí," ló wí.

Ewé igi náà tutù yọ̀yọ̀. Òun ni bàbá kọ́kọ́ gbìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kò sóhun tó ṣe é, ṣùgbọ́n Mounira ti gbẹ́ ìdí rẹ̀ láàárọ̀.

"Bàbá, ó ku ọ̀kan."

"Mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan."

"Òun náà ní in, Bàbá."

"Mounira." Bàbá Àwáàlù kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà ló bẹ ọmọ tó bí. "Ẹyọ kan péré. Jọ̀ọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀."

Òótọ́ ni. Bó bá dákẹ́, ilẹ̀ á wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, oko àwọn tó ti gé igi wọn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì tún máa kú lọ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọ̀dà.

"Ìjọba Ghana fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì," ni bàbá sọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, ọjọ́ mélòó lo fún mi?"

Mounira gbójú sókè. Òjò ti ń ṣú. Ó kun igi náà yí ká, kò sì lè wẹ̀yìn.