Ẹ Má Kí Ìyá Aláró

2.
…torí náà èmi ni mo gé aṣọ náà. Télọ̀ ni mí. Aṣọ funfun, ègé kan fún ẹnu gọ́tà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣàn wọ odò. Ẹja ń kú. Àwọn ọmọdé ń ya ìgbẹ́ gbuuru. A fẹ́ mọ ẹni tó ń ba omi jẹ́, ohun tí gọ́tà bá sì gbé wá, ara aṣọ ni yóò ti hàn.

3.
Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri afárá:

ẸNI TÍ A BÁ RÍ PÉ Ó Ń DA ÌDỌ̀TÍ SÓDÒ, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ KÍ I, KÒ SÌ GBỌDỌ̀ DÁ A LÓHÙN, TÍTÍ YÓÒ FI JÁWỌ́.
— Ẹgbẹ́ Aṣọ́dò

Èmi ni mo dá àbá yẹn. Ta ló lè jí, kó kí ará àdúgbò, kí wọ́n máa wò ó bí ẹni ń wo ògiri? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́.

4.
Ẹnu gọ́tà ilé ìwé: yanrìn.
Ẹnu gọ́tà mẹkáníìkì: epo, díẹ̀.
Ẹnu gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa: dúdú kirikiri.

5.
Ilé wa kọ́. Ilé màmá mi. Àwọn ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Aláró. Jíǹsì tó ti ṣá ni wọ́n máa ń pa láró dúdú, á sì tún dà bíi tuntun. Aró yẹn ló fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Aró yẹn ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo jókòó tì yìí.

6.
*Ìpàdé.*

ALÁGA (apẹja ni): Télọ̀, ṣé o rí aṣọ yìí?
ÈMI: Mo rí i, sà.
ALÁGA: A lè ní a ò rí i.
ÌYÀWÓ MẸKÁNÍÌKÌ: Tó bá jẹ́ gọ́tà tiwa ńkọ́, Bàbá?
ALÁGA: Ìyá ẹ̀ ni.
ÌYÀWÓ MẸKÁNÍÌKÌ: Mo mọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.
ÈMI: Ẹ kọ orúkọ wọn sára ìwé tó wà lógiri afárá.

7.
*Mo kọ́kọ́ lọ bá wọn nílé.*

MÀMÁ: Ibo ni kí n wá dà á sí? Orí ẹ?
ÈMI: Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kòtò. A ó bá yín gbẹ́ ẹ.
MÀMÁ: Omi odò yẹn ni mo fi wẹ̀ ẹ́ ní kékeré.
ÈMI: Màmá, ẹja ń kú.
MÀMÁ: Ẹja ló bí ẹ ni, àbí èmi?

8.
A pàdé lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o jí ire?"

Mi ò dáhùn.

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Orúnkún mi ti tẹ̀. Mo wá rí ìyàwó mẹkáníìkì tó ń wò mí, mo bá dìde dúró.

9.
Wọ́n tún kí mi.

10.
ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÁTỌ̀DỌ̀ ÀBÚRÒ MI:

Àǹtí mi, Màmá pè mí. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń kí mi ṣáá. O káàárọ̀, o káàsán, o kúuṣẹ́, o kú ìjókòó, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Kí lẹ ṣe fún wọn?

11.
ÌYÁ ALÁRÓ TI JÁWỌ́. Ẹ LÈ KÍ WỌN.

Wọ́n ti dojú àwọn ìkòkò aró dé. Aṣọ ẹnu gọ́tà ń jáde ní funfun. Alága rí ẹja kéékèèké lábẹ́ afárá, gbogbo ẹgbẹ́ dì mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti bàjẹ́.

12.
*Ẹnu ọ̀nà ilé Màmá. Mo kúnlẹ̀.*

ÈMI: Ẹ káàárọ̀, mà.
MÀMÁ:
ALÁDÙÚGBÒ KAN: Ìyá Aláró, ẹ kúulé o.
MÀMÁ: Káàbọ̀, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?
ÈMI: Ẹ káàárọ̀, mà.
MÀMÁ:

13.
Ẹ káàsán, mà.