Òkèlè Àkọ́kọ́ Nílé Fágbóhùn

Mo tóbi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí ní Erio níbí, àwọn èèyàn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fúnni. "Motọ́lání, o mà ń sanra sí i o!" Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń kíni kú oríire. Nígbà kan, ó máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló wá bà á jẹ́, orúnkún ló sì parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Yorùbá ni mí, obìnrin ni mí, n kò sì lè kúnlẹ̀. Lóòró ni mo ń kí àgbà, bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Màá ní, "Ẹ má bínú, orúnkún ni." Wọ́n á ní kò séwu, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú wọn. Ti àwọn ará ìta kò tilẹ̀ dùn mí tó ti bàbá mi.

Bàbá mi, Fágbóhùn, àgbẹ̀ ni, Ògún ló sì ń bọ. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti padà sílé rẹ̀. Nílé tiwa, bí iṣu tuntun bá dé, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kàn án títí àkọ́bí á fi kúnlẹ̀ níwájú baba, tí baba á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi òkèlè àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Èmi ni àkọ́bí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń gba òkèlè yẹn. Ọdún tí mo kúnlẹ̀ kẹ́yìn, Túnjí àbúrò mi àti àwọn aládùúgbò ló pawọ́ pọ̀ gbé mi dìde, bí ẹni ń gbé àpò kòkó. Láti ọdún náà, òòró ni mo fi ń gbà á. Bàbá mi kò ga. Ó ní láti na ọwọ́ sókè kó tó kan ẹnu mi, lẹ́yìn náà á wo ilẹ̀, níbi tó yẹ kí n wà. Kò bá mi wí rí. Ìbá sàn kó bá mi wí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan wà ní Adó tí wọ́n ti ń gé nínú àpòlúkù ẹni tó sanra jù, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa tó o, mo lọ. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá dé náà ni wọ́n á gbé mi lé bẹ́ẹ̀dì. Irọ́ ni. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yege. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, wọ́n bi mí bóyá ìbànújẹ́ ló ń jẹ́ kí n máa jẹun. Mo ní adùn ni. Dókítà Ayọ̀bọ́lá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, ló wá sọ èyí tó le jù. Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi. Àfi kí ìwọ̀n mi wálẹ̀ dé ibi tí òun sọ kí ọjọ́ tí òun dá fún mi tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí iṣẹ́ abẹ.

"Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu rárá, mà," ó ní.

"Dókítà, ọmọ Èkìtì ni mí."

"Èmi náà ni, mà. Ìdí tí mo fi sọ pé 'rárá' nìyẹn."

Iṣẹ́ mi kò ràn mí lọ́wọ́. Ilé àlejò kan ní Ikogosi ni mo ti ń se oúnjẹ. Àwọn àlejò á wẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n á wẹ̀ nínú omi tútù, ebi á dé, iyán ni wọ́n á béèrè. Èmi ni mo máa ń kó o kúrò nínú odó. Iyán funfun tí kò ní kókó, tí èéfín ń yọ lára rẹ̀! Kíákíá ni mo máa ń sáré fọ ọwọ́ mi, kí ọwọ́ náà má baà tan ẹnu. Ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà díẹ̀ ni tèmi. Mo ń jẹ wọ́n, mo ń yó, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá wọn jẹ. Àárò iyán ń sọ mí bí àárò èèyàn.

Iṣu tuntun kò mọ̀ pé mo ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Ó dé kí ọjọ́ náà tó pé. Bàbá lọ wa iṣu àkọ́kọ́ lóko, Tinúkẹ́ ìyàwó Túnjí gún un, gbogbo ilé jókòó yí ká. Bàbá gé òkèlè, ó na ọwọ́ sókè. Mo yí ojú.

"Bàbá, ẹ má bínú. N kò lè jẹ ẹ́. Ẹ fún Túnjí."

"Ṣé Túnjí ni àkọ́bí?"

"Àǹtí mi," Tinúkẹ́ ní, "òkèlè kan ṣoṣo ni. Kí ni òkèlè kan lè ṣe?"

Òótọ́ ló sọ. Òkèlè kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Èmi àti òkèlè kan kò pàdé rí kí èkejì má tẹ̀ lé e. Bí mo bá gbà á, màá jẹ àwo náà tán, n kò ní yege, màá sì máa gba òkèlè lóòró títí a ó fi sin bàbá mi. Mo tún sọ pé n kò lè jẹ ẹ́.

Bàbá mi dá òkèlè náà padà sínú àwo, ó sì fi ìdérí dé e.

"A óò dúró," ó ní.

Mo rò pé ó bínú ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Erio lásìkò iṣu tuntun, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Odó ń dún ní gbogbo agbo ilé, tiwa nìkan ló dákẹ́. Ẹ̀bà lánàá, ẹ̀bà lónìí. Àwọn ọmọ Túnjí ń wò mí bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Bàbá mi, tó máa ń pe ẹ̀bà ní oúnjẹ arìnrìn-àjò, jókòó ti ẹ̀bà, ó ń jẹ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ síbi tó to iṣu sí, á máa fọwọ́ pa wọ́n lára, á sì padà wọlé. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ojú sì ń tì mí.

Ọjọ́ àdéhùn pé. Mo bọ́ bàtà, mo tú gèlè, mo yọ yẹtí pàápàá, mo gun òṣùwọ̀n. Dókítà Ayọ̀bọ́lá wò ó, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tún un gùn.

"Ẹ yege, mà."

Mo gbá a mọ́ra débi pé jìgí ojú rẹ̀ jábọ́. Nígbà tó mú un tán, ó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, omi ni n óò kọ́kọ́ máa mu, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀. Iyán di lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí ó má sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá bàbá mi, ó ń pọ́n àdá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ iṣu yín. Ẹ má dúró dè mí mọ́."

"Ọ̀bẹ ni wọ́n á lò?"

"Ọ̀bẹ ni, sà."

"Ti Ògún ni. Kò bà mí lẹ́rù. Uyán tí wọ́n ní ùwọ á máa jẹ ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo fi èékánná mi hàn án. Ó wò ó pẹ́.

"Bí mo ṣe gé e fún ùwọ nìyẹn, lọ́dún tí wọ́n bí ọ," ó ní. "O ò tíì léyín. Mo kàn fi kan ètè rẹ ni. Ta ló ní kí o gbé e mì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bà yìí ló jẹ́ kí n rántí. Ẹni tí kò bá yó, orí rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́. Tinúkẹ́! Gbé odó jáde! Uṣu ti sú mi í wò."

Nígbà tí iyán délẹ̀, mo di etí odó mú. N kò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Orúnkún ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, ó dùn mí wọ eegun, ó kan ilẹ̀. Ti òsì kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Túnjí fẹ́ sáré wá, bàbá ní kó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ń kán lójú mi.

Bàbá gé iyán bíńtín bí èékánná. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sókè mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ó fi iyán náà kan ètè mi.

"Orúnkún kejì di ọdún tó ń bọ̀," ó ní, "bí mo bá wà."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹun. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Iyán yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ mi létè, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, ó sì wù mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi. N kò lá a. N kò sì nù ún.