Etí Ilẹ̀kùn Tí Kò Gbẹ

Odette fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń bó nítorí iyọ̀.

Garawa omi kẹrin ló ń gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ irin tó wà lẹ́yìn ilé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ta sí bàtà rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ni onílé ti máa ń ti ẹ̀rọ omi ìta pa kí òtútù má baà bẹ́ ẹ, nítorí náà àjà kẹta ni ẹni tó bá fẹ́ fọkọ̀ ti ń pọnmi wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òtútù ti di Chicoutimi, ìlú wọn, mú. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹwọ́ díẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì rántí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì kí yìnyín lè yọ́, tó ń jẹ irin ọkọ̀ wọn. Ìlà tó wà níbi ìfọkọ̀ ti gùn dé ẹsẹ̀ afárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o," ni Mireille àbúrò rẹ̀ wí, ó ń to ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. "Bí ẹ bá ṣubú, ta ló máa bá mi fọ abẹ́ ọkọ̀?"

"Bóyá ẹni tí wọ́n fún lọ́kọ̀ á fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀."

Mireille rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ọdún mọ́kànlá ni Odette ti ń fọ ọkọ̀ bàbá wọn. Òun ló mọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ gbóná jù kí gíláàsì má baà sán. Òun ló ń dùbúlẹ̀ lórí páálí, tó ń fi ike tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sára tòmátò fọ́n omi sábẹ́ ọkọ̀, níbi tí iyọ̀ ń sá pamọ́ sí. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nídìí oúnjẹ, Aurèle, bàbá wọn, fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé Mireille lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ tuntun ń dúró dè ọ́ ní ìlú Québec. Máa wà á lọ."

Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí Odette jókòó sí. Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Bàbá wọn ti gbé Mireille gun orí ebè.

Odette jáde lábẹ́ ọkọ̀, omi dúdú ń kán lọ́rùn rẹ̀.

"Ó mà ń dán o!" ni Mireille wí. "Ó ti tán, àbí? Aago mẹ́rin ni mo fẹ́ gbéra."

Ó ku ohun kan. Ó yẹ kí wọ́n nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn gbẹ, kí wọ́n sì fi básílíìnì pa á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, omi tó wà níbẹ̀ á dì, ilẹ̀kùn á sì lẹ̀ pa. Odette fọwọ́ kan táwẹ̀lì tó wà léjìká rẹ̀.

"Ó ti tán," ló wí. Ó pa ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Lókè, àwọn àti bàbá wọn mu ọbẹ̀ ẹ̀wà. Mireille ń ròyìn yàrá tó gbà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Odette jókòó lé táwẹ̀lì náà. Omi tó ń kán láti orí òrùlé ti dáwọ́ dúró; òtútù ti padà dé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù; níbí yìí, ẹni tó bá da omi síwájú, yìnyín ló máa tẹ̀. Ó ń fojú inú wo Mireille, bó ṣe máa fa ọwọ́ ilẹ̀kùn títí á fi kán, tí ilẹ̀ máa mọ́ tí wọn ò ní rí i níbi iṣẹ́. Ó dùn mọ́ ọn ju ọbẹ̀ lọ.

"Ta ló nu etí ilẹ̀kùn?" ni Bàbá béèrè látojú fèrèsé.

"Etí ilẹ̀kùn wo?" ni Mireille wí. Ó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fẹnu ko bàbá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá yíjú sí Odette. "Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ìwọ lọkọ̀ yẹn tọ́ sí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé e fún un?"

"Bí mo bá gbé e fún ọ, ìwọ náà á wà á lọ."

Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó fẹ́ lọ. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Odette fa táwẹ̀lì yọ, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Mireille ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ fà á.

"Má fà á! Ìbàdí ni kó o kọ́kọ́ fi tì í."

Odette fi ìbàdí ti ilẹ̀kùn. Yìnyín ké pẹ́kẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ó nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi básílíìnì pa wọ́n, ìka rẹ̀ ti kú tipiri.

"Mo gbàgbé ni."

Mireille wo táwẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í gbàgbé."

Odette da táwẹ̀lì sí èjìká. "Bí títì bá ń yọ̀, má yí ọrùn wẹ̀yìn o. Díńgí ni kó o máa wò."

"Ẹ ti kọ́ mi."

Odette gbójú sókè. Bàbá wà lójú fèrèsé. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń wò. Odette ló ń wò, òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bóyá wọ́n máa padà gun àkàsọ̀.

Ọkọ̀ náà yọ sí títì, ó mọ́ tónítóní, iyọ̀ tuntun sì ti ń ta sí i lábẹ́. Mireille kò bojú wẹ̀yìn.