Awò Ojú Tí N Kò Fọ̀

Ní Grasse níbí, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe lọ́fínńdà nílẹ̀ Faransé, ẹni tó ń wọn èròjà lọ́fínńdà kì í wọ aṣọ iṣẹ́ relé. Èròjà kan wà lọ́dọ̀ wa tó ní imí-ọjọ́ nínú. Tí ìkán rẹ̀ kan bá wọ àgbá lọ́fínńdà, òórùn èso tó pọ́n ni yóò máa ta. Àmọ́ tó bá kán síni lára láìtíì pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, ìtọ̀ ológbò pọ́ńbélé ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo fẹ́ lọ tọrọ Sidonie lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wẹ̀. Màdáámù Olivari ti búra pé òun ò ní fọmọ fún òṣìṣẹ́ lọ́fínńdà, torí ọgbọ̀n ọdún lòun fi fọ aṣọ ọkọ òun tó ń rùn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, bàtà tuntun.

A ò tíì jẹ kábéèjì ẹlẹ́ran débì kan tí Màdáámù fi fọwọ́ dimú.

"Biscotte! Arúgbó aláìnítìjú! Ọdún mẹ́rìnlá o ò tọ̀ sílé rí, àfìgbà tálejò dé! Oko lò ń lọ lónìí!"

Ó ti gbá Biscotte, ológbò rẹ̀, mú lọ́rùn. Ológbò ń wò mí. Sidonie fẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì. Kí n má parọ́, ó wù mí kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n àánú ẹran arúgbó yẹn ṣe mí.

"Ẹ má bínú, Màdáámù. Èmi ni."

"Fulcran! Ṣé ìwọ lo tọ̀ sílé mi?"

Omi tí Sidonie ń mu ta jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Rárá o! Awò ojú mi ni. Ọwọ́ tí mo fi wọn èròjà olóòórùn kan lọ́jọ́ Ẹtì náà ni mo fi tì í sókè."

Mo bọ́ ọ. Ó gbà á, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó tún gbóòórùn ẹ̀.

"Anselme," ló wí jẹ́jẹ́. Orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú nìyẹn. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fọ òórùn yìí kúrò nínú ilé. Mo ṣe bí mo kórìíra ẹ̀ ni." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Mo dìde pé kí n lọ fọ̀ ọ́.

"Jókòó! Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Oṣù wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó?"

Ó gbé ológbò lé mi nítan. N kò rí inú àwo mi dáadáa títí a fi jẹun tán, torí ó ti gbé awò ojú mi sórí tábìlì, síwájú àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí.