Òdo Tí Ọ̀gá Ń Yọ̀ Sí

"Má fọwọ́ kàn án mọ́!" Ọ̀gá pariwo. "Òdo rèé! Ibi tí à ń lọ la dé yìí."

Ọmọbìnrin tí gbogbo yàrá ìwádìí ń pè ní Àǹtí Oníwáyà kò gbọ́wọ́ kúrò lórí ìdè irin tó ń yí. Nínú agolo tó tutù ju yìnyín lọ, dáyámọ́ńdì méjì tí ìdè náà ń tì fún òkúta dúdú kan sáàárín, òkúta tí kò tó hóró iyọ̀. Òkúta kúáńtọ́ọ̀mù ni, irú èyí tí ìwà rẹ̀ máa ń yí padà bí wọ́n bá ti ń fún un pọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń dí iná mànàmáná lọ́nà bí aláìgbọràn. Lójijì, ìdènà náà pòórá, ó di òdo. Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀gá ti ń wá òdo yìí, ọjọ́ Ẹtì ló sì ń fẹ̀yìn tì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tú u díẹ̀."

"Tú kí ni? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Tó bá fọ́ ńkọ́? Òkúta yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, mo sì ti pe àwọn oníròyìn!"

Wáyà wúrà mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ìdènà ni Àǹtí Oníwáyà tẹ́ sórí òkúta náà láàárọ̀, wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ìkẹta yọ̀, ó sún mọ́ ìkejì. Ó yẹ kó tún un ṣe, àmọ́ Ọ̀gá dúró sí i lẹ́yìn, ó ń wo aago. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

"Sà, tó bá jẹ́ òkúta ló yí padà, ìdènà á padà wá tí mo bá tú u. Tó bá jẹ́ wáyà ló fara kan wáyà, òdo náà ló máa jẹ́."

Ọ̀gá jókòó. Kì í ṣe òpùrọ́. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Tú u," ó ní.

Ọmọbìnrin náà yí ìdè náà padà. Òdo. Ó tú u pátápátá. Òdo náà ni. Ojú tì í, àánú Ọ̀gá sì ṣe é.

"Mo rí i láàárọ̀ pé wáyà yẹn yọ̀, sà. Mo kàn pa á mọ́ra ni."

"Kí ni màá wá sọ fún àwọn oníròyìn báyìí?"

"Ẹ gbé fóònù yín wá, sà. Èmi tí mo so wáyà ni màá sọ ọ́."

Ó pe ọ̀kan lára àwọn oníròyìn náà, ẹni yẹn sì gbé e kíá.

"Ẹ má bínú, sà," ọmọbìnrin náà ní. "A ò rí nǹkan kan. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

"Àwa ni," Ọ̀gá sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Sọ fún un pé àwa ni."