Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Píkọ́ọ̀pù

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ náà tún ti gbóná. Èéfín funfun ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bo àgbàlá títí aṣọ tí wọ́n sá fi dà bí ohun tó ń léfòó. Opó náà jókòó nídìí sítíárì, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Òórùn ọkọ rẹ̀ ṣì wà lára ìjókòó. Ọmọ rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá tún gbóná lónìí, òun á mú oníirin àlòkù wá rà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá wo ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ni, Adúmáadán ni opó náà sì ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa fòò ni. Ó dúró kí ooru rọlẹ̀. Omi wà nínú rédíétọ̀, fáànù ń yí. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn họ́ọ̀sì tí omi ń gbà, ó ṣì gbóná, ó yára fa ọwọ́ padà. Ó kan èyí tó lọ sídìí híítà tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀, tútù ni.

"Ìyàwó wa, híítà ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá o. Atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti ṣaláìsí."

"Ibo lo ti ń bu omi sí i?"

"Ibí náà ni, níbi tó tẹ́jú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, imú ọkọ̀ á kọjú sókè. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá wọn jà, torí orúnkún máa ń dùn mí bí mo bá ń gun ibẹ̀ lọ bá ọkọ̀. Mo rò pé fáàrí ni."

Adúmáadán rẹ́rìn-ín. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Afẹ́fẹ́ ló há sójú ọ̀nà omi. Bí orí ọkọ̀ ò bá ga, afẹ́fẹ́ náà kò ní ríbi jáde."

Wọ́n gbé e gun orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ṣí ìdérí rédíétọ̀, wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Láìpẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó, gbulúgbulú, bí ọmọ tó ń gùnfẹ̀ lẹ́yìn ọmú. Adúmáadán ń bu omi kún un díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀.

Opó náà yí híítà. Ooru lọ́wọ́ọ́wọ́ fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní gbogbo òwúrọ̀ òtútù tí ọkọ rẹ̀ bá pè é pé ọkọ̀ ti yá. Ó bọ́ bàtà. Omijé dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Gbogbo ìjà tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà yẹn, ẹsẹ̀ òun ni ọkọ náà ń tọ́jú.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú oníirin, ó bá ìyá rẹ̀ láìwọ bàtà, ó ti sùn lọ fọnfọn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Adúmáadán fi ìka lé ètè. Ọmọ náà wo abẹ́rẹ́, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ní kí oníirin máa lọ.