Ẹni Tó Máa Jókòó Sínú Àdùfẹ́

"Eré tí mo sá lọ́jọ́ yẹn, ara mi gan-an ni mo bá lójú ọ̀nà! Mo fọn fèrè fún ara mi, mo yà á sílẹ̀, mo sì fi ara mi sílẹ̀ sínú eruku. Ìgbà tí mo fi máa dé Aurora, mi ò tíì kúrò ní Oak Park!"

Gàníyù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lórí táyà kan bí ẹni tó gun mínbárì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di sítíárìn mú, ó sì ń fi ẹnu ké bí ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará àdúgbò tó kún ọgbà ẹ̀yìn ilé Alhaji Daud ní Austin, ní Chicago, rẹ́rìn-ín títí, kọfí fi gba imú ẹnì kan jáde.

Ọkọ̀ tí wọ́n pagbo yí ká kò rẹ́rìn-ín. Ford àtijọ́ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà náà lọ. Bienvenido, mẹkáníìkì ọmọ Cuba tó ń gbé ní òpópónà kejì, ló rí i nínú àká àgbàdo kan ní Indiana, níbi tí adìyẹ ti sọ ọ́ di ilé. Òun àti Salihat, ọmọ Alhaji Daud, ni wọ́n gé òrùlé rẹ̀ kúrú, tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì tó ti kú, tí wọ́n sì fi òmíràn tó tóbi bíi màlúù há a láyà. Wọ́n sọ ọ́ ní Àdùfẹ́. Bí wọ́n bá ṣáná sí Àdùfẹ́ ní Austin, eyín àtọwọ́dá á máa jó nínú ife ní Skokie, ẹyẹ tó bà lórí wáyà á sì yé ẹyin tí kò ní lọ́kàn.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn á máa dìde dúró lórí ilẹ̀ iyọ̀ Utah, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré, tí Salihat bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, gírísì sì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé Àdùfẹ́ lọ sí pápá bàálù àtijọ́ kan lẹ́yìn Aurora, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ sì ń wọn eré rẹ̀. Awakọ̀ tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n á gbà láyè lórí iyọ̀. Awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà fún ọkọ̀ kan.

"Àdùfẹ́ yìí náà lẹ wà bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá Gàníyù?" ẹnì kan bi í.

"Ta lo rò pé ó ń wà á? Salihat ń de nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì ni, èmi ni mò ń dán an wò fún un. Bi í léèrè! Salihat, àbí mo parọ́?"

Salihat ya ẹnu. Ọkùnrin yìí kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn Àdùfẹ́ rí. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kó sì sọ pé irọ́ lẹ ń pa? Ní Chicago yìí, ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ti di kí orúnkún kan yẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde sójú àgbà. Ó yẹ orúnkún.

"Bọ̀dá, bóyá ọkọ̀ mìíràn ni."

"Àdùfẹ́ ni jàre! Ọmọ yìí ti gbàgbé."

Alhaji Daud jáde láti inú ilé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí aláìsàn ń sùn nítòsí.

"Gàníyù, ṣé lóòótọ́ lo mọ ọkọ̀ yìí wà?"

"Alhaji! Bí mo ṣe mọ ọ̀nà ẹnu mi!"

"Ó dáa. Ìwọ lo máa wà á lónìí."

Gàníyù ṣì na ọwọ́ síwájú, ṣùgbọ́n sítíárìn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi búùtù ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Daddy!" Salihat sún mọ́ ọn. "Daddy, are you serious?"

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Òun ló ni ọkọ̀ akẹ́rù, òun ló ni ọgbà, òun ló fi orúkọ Àdùfẹ́ sílẹ̀ fún wọn ní pápá. Bí ó bá ní rárá, Àdùfẹ́ kò ní kọjá ẹnu géètì lónìí. Salihat dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, òtútù irin wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, Gàníyù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, ó ń làágùn bíi kẹ́tùlù.

"Alhaji, ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí mà ń ro mí o."

"Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

"Òun náà ti ń gbọ́."

"Á lọ sílẹ̀ tó o bá dé orí pápá."

Ní ìjókòó ẹ̀yìn, Bienvenido fi ìgúnpá gún Salihat. "Ibà ń ṣe bàbá ẹ ni?"

"Mi ò mọ̀." Ó di aṣọ tí iná kì í jó, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yẹ kó wọ̀, mọ́ àyà. Ó ń rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìjókòó Àdùfẹ́: bí Bienvenido ṣe da fóòmù olómi sínú àpò, tí òun jókòó lé e láìmí títí ó fi gan, tí ìjókòó náà fi gba ìrísí ẹ̀yìn òun àti ìbàdí òun gẹ́lẹ́. Irọ́ Gàníyù kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Gàníyù ló ni irọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dun ún ni pé bàbá rẹ̀ gbọ́ irọ́ yẹn, ó sì gbà á gbọ́ ju òun tó bí lọ.

Pápá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, oko àgbàdo yí i ká. Wanda, obìnrin gíga tó ń mójú tó ààbò, pàdé wọn. Ohùn rẹ̀ lè jí òkú dìde kó tún ní kó lọ fọ ẹnu.

Ó sọ òfin fún wọn. Kí ọkọ̀ kankan tó sáré, wọ́n á de awakọ̀ rẹ̀ mọ́ ìjókòó, wọ́n á dé akoto fún un, wọ́n á fi aṣọ dúdú bò ó lójú. Tí òun bá ké pé iná, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kó sì jáde ní wàràwàrà. Ẹni tó bá wà nínú èéfín kò ní ríran.

Ara Gàníyù kò gba aṣọ Salihat, nítorí náà Bienvenido yá a ní tirẹ̀. Wọ́n tì í wọ inú Àdùfẹ́. Ìjókòó tí wọ́n fi ìbàdí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe gbé e mì dé ìdajì, ó kọ̀ láti gbé ìyókù mì. Bienvenido ti so ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti dúdú mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí Ògún, tí wọ́n ń bọ ní Cuba náà. Alhaji Daud ti kọ Bismillahi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gàníyù di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Wanda fa bẹ́líìtì le, ó so aṣọ dúdú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òrùlé.

"Iná!"

Ariwo tó tẹ̀lé e, bí mo bá sọ pé wọ́n gbọ́ ọ dé Wisconsin, mo dín in kù. Gàníyù fa gíà, ó fa dígí, ó fa etí Wanda. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá, ìdè àárín ikùn yín! Ẹ yí i!" Salihat kígbe.

"Ẹ gbà mí o! Alhaji, ẹ gbà mí! Mi ò wakọ̀ rí! Mi ò wa nǹkan kan rí! Láti ọjọ́ tí mo ti dé Chicago, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀!"

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá lóye. Salihat bẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó yí ìdè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun àti Bienvenido fa ọkùnrin náà jáde, ó bọ́ sílẹ̀ gbì.

"Ẹni tí ẹ ní ó máa wakọ̀ nìyí?" Wanda bi wọ́n, ó ń fọwọ́ ra etí rẹ̀.

Salihat yíjú sí bàbá rẹ̀. Ó retí ìtìjú lójú rẹ̀. Kò rí i.

"Mo mọ̀," Alhaji Daud wí.

"Ẹ mọ kí ni, Daddy?"

"Mo mọ̀ pé kò wakọ̀ rí. Ibi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní òpópónà Madison ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo ti gbé e nínú yìnyín rí."

Gàníyù ló kọ́kọ́ fọhùn, láti ilẹ̀ tó jókòó sí.

"Alhaji! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ bí ẹran iléyá?"

"Mo rò pé ẹ̀rù á bà ọ́, wàá máa wọ́ lọ bíi mọ́tò òkú. Wọ́n á lé wa. Àá gbé Àdùfẹ́ padà sílé, á sì máa wà níbẹ̀." Salihat ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. "Wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ. Èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ ojú ọgbẹ́ wọn."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé tí mo bá sọ, wàá jókòó sílé? Tí mo bá kọ̀, ẹ ó yá ọkọ̀ akẹ́rù ẹlòmíràn."

Wanda pa orúkọ Gàníyù rẹ́ nínú ìwé, ó fi ti Salihat sí i. Salihat wọ aṣọ rẹ̀, ó wọnú ìjókòó náà, ìjókòó náà sì gbà á mọ́ra. Ó de bẹ́líìtì, ó dé akoto. Wanda na aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n Alhaji Daud gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bò ó lójú. Nínú òkùnkùn, Salihat ń gbọ́ bí ìka bàbá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tí ìdè náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Láti Austin ló ti ń bínú pé bàbá òun gba Gàníyù gbọ́. Kò sí ẹni tó gba Gàníyù gbọ́. Bí wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì wá, tí wọ́n ní ó mọ ọkọ̀ wà, bàbá rẹ̀ á ti wọ aṣọ fún un, kó má ṣáà ti jẹ́ ọmọ òun ló jókòó síbẹ̀.

"Iná!"

Ó yí ìdè, ó gbá ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀ kí Wanda tó pa ẹnu dé.

Ó já aṣọ dúdú kúrò lójú. Igbe iná náà ti lé Gàníyù dé ọ̀ọ́kán, ó kó ẹsẹ̀ aṣọ Bienvenido sókè bíi yẹ̀rì, ó ń sá lọ sínú oko àgbàdo, Bienvenido sì ń ké tẹ̀lé e pé aṣọ òun dà. Gbogbo pápá yíjú síbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àfi Alhaji Daud. Ó ti gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó ń wo inú wọn bí ẹni tó ń wá ojú iná, nígbà tí àgbàdo ń pa dé lẹ́yìn Gàníyù.